Abéèrè Kì í Ṣìnà: Bí Oníbàárà Èkó Ṣe Lè Rí Gbégamey

Bí àlejò bá fẹ́ wá sí ilé ẹnikẹ́ni ní Gbégamey, orúkọ òpópónà kọ́ ni a máa ń fún un. A ó ní kí ó gun zémidjan láti Étoile Rouge, kí ó sọ̀ kalẹ̀ níwájú ọjà, kí ó wọ von kejì tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, kí ó sì béèrè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lọ́wọ́ ìyá tí ń ta àkàrà lábẹ́ igi. Ìyá alákàrà kò ní pátákó, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n òun ni ó mọ gbogbo ilé. Àwọn àgbà wí pé abéèrè kì í ṣìnà. Láti ìgbà tí Kútọnu ti ń gbòòrò ni a ti ń fi òwe yìí rìn nínú rẹ̀.

Lóde òní, ẹni tí ó ń ti Èkó bọ̀ ti béèrè ọ̀nà tipẹ́tipẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ alákàrà. Ó wà nínú ọkọ̀, tàbí kí ó má tilẹ̀ tíì jáde nílé, nígbà tí ó tẹ ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta sínú fóònù rẹ̀. Ẹ̀rọ ìṣàwárí ni ó bi léèrè. Bí ẹ̀rọ náà kò bá mọ̀ wá, tàbí bí ohun tí ó mọ̀ nípa wa bá ti di ọ̀rọ̀ àná, yóò júwe ilé ẹlòmíràn fún un. Àlejò náà yóò bá tirẹ̀ lọ, a kò sì ní mọ̀ láéláé pé ó wá wa rí. Ohun tí a fẹ́ bá àwọn òǹkàwé wa sọ nìyí: bí ẹni tí ń ṣòwò ní Kútọnu, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wà ní ìhà méjèèjì ibodè, ṣe lè mú kí ẹ̀rọ náà júwe rẹ̀ bí alákàrà ṣe ń júwe rẹ̀.

Nọ́ńbà tí kò lọ mọ́

Aránṣọ kan wà ní àdúgbò wa tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ó ti ń rán ìró àti bùbá, agbádá àti aṣọ ẹbí. Bí ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ti ọwọ́ àwọn ará Èkó àti Àgbádárìgì wá. Wọn a wá ra aṣọ ní Dantokpa, wọn a fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, wọn a sì padà wá gbà á bí ọjọ́ ìnáwó bá kù díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ó fi ṣọ́ọ̀bù náà sórí àwòrán ilẹ̀ Google, pẹ̀lú fọ́tò mẹ́ta àti nọ́ńbà fóònù.

Ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ ọdún 2025, ìpè láti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ó ní náírà ni. Ó ní àwọn aṣọ́bodè ni. Àwa náà bá a kẹ́dùn, a sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ó di àkókò ọdún Àjíǹde, oníbàárà àtijọ́ kan fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù náà, ó ní: “Àǹtí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti rò pé ẹ kó kúrò níbí ni. Nọ́ńbà yín kò lọ mọ́.” Ìgbà yẹn ni ó tó yé wa pé ọ̀rọ̀ náà kò kan náírà, kò sì kan aṣọ́bodè.

Gbogbo wa ni a rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ARCEP, àjọ tí ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ wa, yí nọ́ńbà fóònù padà láti orí 8 sí 10. A fi 01 síwájú ti tẹ́lẹ̀. Àwa tí a ń gbé níbí mọ̀, fóònù wa sì mọ̀. Ta ni yóò lọ sọ fún oníbàárà tí ó wà ní Agége? Aránṣọ wa ti tún pátákó rẹ̀ kùn, ó ti tẹ káàdì tuntun, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rántí nọ́ńbà orí àwòrán ilẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko ni ó fi ń júwe ilẹ̀kùn tí ó ti di ògiri fún ènìyàn.

Ọ̀fìn kejì tún wà níwájú. Ní Nàìjíríà, nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0803 ni a máa ń pè láti ilẹ̀ òkèèrè ní +234 803: òdo iwájú a máa bọ́ sílẹ̀. Ó ti mọ́ àwọn ará Èkó lára. Nítorí náà, bí wọ́n bá rí 01 níwájú nọ́ńbà wa, wọn a yọ òdo náà kúrò, ìpè náà kò sì ní lọ. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Òdo wa kì í bọ́: +229, lẹ́yìn náà 01, lẹ́yìn náà àwọn 8 yòókù. Ẹni tí ó bá ń tajà fún ará òkèèrè gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà rẹ̀ ní kíkún bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo, lórí pátákó, lórí ìwé ẹ̀rí owó, lórí Facebook, lórí àwòrán ilẹ̀, kí ó sì jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ojú ewé méjì bá fún ṣọ́ọ̀bù kan ní nọ́ńbà méjì, oníbàárà kò ní mọ èyí tí yóò gbà gbọ́.

Ọ̀nà lè tì, ìbéèrè kì í tì

Ẹni tí ó bá fi ojú àwòrán ilẹ̀ wo etíkun wa yóò rí i pé láti Lomé dé Kútọnu, láti Kútọnu dé Àjàṣẹ́, láti ibẹ̀ gba Sèmè-Kraké kọjá sí Àgbádárìgì títí dé Èkó, ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilé. Ìlú gígùn kan ṣoṣo ni ó ń di, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni ó pín in. Àwọn ìjọba pàápàá ti rí i bẹ́ẹ̀: ní ọdún 2014, ààrẹ orílẹ̀-èdè márùn-ún fọwọ́ sí àdéhùn lórí òpópónà ńlá láti Abidjan dé Èkó, tí gígùn rẹ̀ yóò jẹ́ kìlómítà 1,028. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2018, ààrẹ Benin àti ti Nàìjíríà jọ ṣí ibùdó ibodè alápapọ̀ ti Sèmè-Kraké.

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí Nàìjíríà ti ibodè ilẹ̀ rẹ̀ pa. Ó di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí a tó tún ṣí Sèmè. Àwọn tí ń ṣòwò ní Kútọnu kò lè gbàgbé àkókò yẹn. Aránṣọ wa sọ fún wa pé ní gbogbo ìgbà náà, àwọn ènìyàn ṣì ń pè, wọ́n ṣì ń béèrè iye owó, wọ́n ṣì ń fi ìwọ̀n ara wọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp dè ọjọ́ tí ọ̀nà yóò là. Ọ̀rọ̀ ẹnu kan lè ti ọ̀nà pa, ṣùgbọ́n ẹni tí ń wá nǹkan kò dẹ́kun àtimáa béèrè. Ìdí nìyí tí ó fi ṣe pàtàkì pé kí ìdáhùn tí ó ń rí jẹ́ òótọ́.

Ohun mẹ́ta tí ẹ̀rọ náà ń wò

Láti ọdún 2014 ni Google ti ń fún oníṣòwò ní ojú ewé ọ̀fẹ́ lórí àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ orúkọ Google My Business. Ní ọdún 2021 ni ó sọ ọ́ di Google Business Profile. Ní èdè Faransé, fiche d'établissement ni wọ́n ń pè é. Bí ẹnì kan bá ń wá aránṣọ, mẹkáníìkì tàbí ilé oúnjẹ, Google sọ pé ohun mẹ́ta ni òun ń wò kí òun tó to ìdáhùn: ìbámu, ìjìnnà àti òkìkí.

Ìbámu ni pé kí ohun tí a sọ nípa iṣẹ́ wa bá ohun tí ènìyàn ń wá mu. Bí a bá kàn kọ “okòwò” síbẹ̀, ẹ̀rọ náà kò ní mọ̀ pé agbádá ni a ń rán. Òkìkí ni bí àwọn ènìyàn ti mọ̀ wá tó: iye àwọn tí ó ti kọ èrò wọn nípa wa, irú ìràwọ̀ tí wọ́n fún wa, àwọn ojú ewé mìíràn tí ó dárúkọ wa.

Ìjìnnà ni ó máa ń rú ènìyàn lójú jù. Ẹni tí ó wà ní Ìkejà, tí ó tẹ “tailor” nìkan, àwọn aránṣọ Ìkejà ni yóò rí. Kò sí ọgbọ́n tí Gbégamey lè dá sí i. Bí ó bá fi “Cotonou” kún un, ẹ̀rọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìjìnnà láti Kútọnu, àǹfààní wa sì dé nìyẹn. Google fún oníṣòwò tí ń lọ bá oníbàárà nílé láyè láti dárúkọ àdúgbò tí iṣẹ́ rẹ̀ dé, tó 20, ṣùgbọ́n ó ní kí ó má jìnnà ju ìrìn wákàtí méjì nínú ọkọ̀ lọ. Láti Gbégamey, Àjàṣẹ́ wọ inú rẹ̀. Sèmè wọ inú rẹ̀. Àgbádárìgì lè wọ inú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ibodè bá rọrùn. Èkó kò wọ inú rẹ̀, ẹni tí ó bá kọ ọ́ síbẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ohun tí ó kù ni pé kí ọ̀rọ̀ wa dé Èkó: kí ará Èkó tí ó dárúkọ Kútọnu rí wa, kí ó kà wá ní èdè tí ó gbọ́, kí ó sì lè pè wá.

Ó yẹ kí a fi ìkìlọ̀ kan kún un. Àwọn kan ń kiri ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá wa pé àwọn yóò gbé wọn sí ipò kìíní. Google ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí owó tí ènìyàn lè san kí ipò rẹ̀ lè ga síi nínú ìdáhùn àdúgbò. Ìpolówó wà, owó ni a sì fi ń rà á, ṣùgbọ́n a máa ń kọ ọ́ sí i lára pé ìpolówó ni. Ẹni tí ó bá gba owó fún èyí tí kì í ṣe títà ń ta afẹ́fẹ́ fún wa ni.

Carré, von àti 6FR4

Báwo ni a ṣe ń júwe ibi tí kò ní orúkọ? Ìwé ìjọba fún wa ní nọ́ńbà carré, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ carré ti aládùúgbò rẹ̀? Von ni a mọ̀, von sì pọ̀ bí irun orí. Fún irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́rọ Google ṣe gbé Plus Code jáde ní ọdún 2014: àmì kúkúrú tí ó ń dúró fún ojú ilẹ̀ tí ìbú àti òòró rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 14. Kò béèrè orúkọ òpópónà, kò sì gba owó. Bí a bá tẹ ìka mọ́ orí ṣọ́ọ̀bù wa lórí àwòrán ilẹ̀, àmì náà yóò jáde. A lè kọ ọ́ sára pátákó, a sì lè fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ń bọ̀.

Nígbà tí a fi èyí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, nǹkan kan yà wọ́n lẹ́nu. Bí a bá kọ ọ́ ní kíkún, àmì ti Lomé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6FR3, ti Kútọnu pẹ̀lú 6FR4, ti Èkó pẹ̀lú 6FR5. Àjàṣẹ́ náà jẹ́ 6FR4. Ọmọ kan béèrè pé Àgbádárìgì ń kọ́? Àgbádárìgì, tí ó wà ní Nàìjíríà, jẹ́ 6FR4 bíi tiwa. Ìlà òòró àti ìbú ilẹ̀ ni àmì náà ń tẹ̀ lé, kò mọ ibi tí àwọn òyìnbó fa ààlà sí. Kíláàsì náà dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá ńlá ní ìhà kejì.

Orúkọ mẹ́ta, ìlú kan

Ẹ̀rọ náà kò mọ ààlà ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ààlà èdè. Olú-ìlú wa ní orúkọ mẹ́ta: Hogbonou lẹ́nu àwọn Gun, Àjàṣẹ́ lẹ́nu wa, Porto-Novo nínú ìwé. Lagos ni ìwé ń pe Èkó. Ẹni tí ń wá nǹkan yóò tẹ orúkọ tí ó wà lẹ́nu rẹ̀. A pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sí ọ̀nà mẹ́ta, a sì ní kí wọ́n wá aránṣọ ní àdúgbò wa. Àwọn tí ó fi Faransé tẹ “couturière” rí ọ̀pọ̀. Àwọn tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì tẹ “tailor” rí díẹ̀. Àwọn tí ó tẹ “aránṣọ”, àti àwọn tí ó tẹ ẹ́ láìfi àmì sí i, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ẹnì kankan. Aránṣọ tí ó jẹ́ Yorùbá, tí ó ń rán aṣọ Yorùbá fún Yorùbá, kò sí níbẹ̀ ní èdè Yorùbá.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Nínú àlàyé tí ó wà lójú ewé náà, a lè fi gbólóhùn méjì Faransé, méjì Gẹ̀ẹ́sì àti méjì Yorùbá sọ iṣẹ́ wa. Ẹni tí ó bá ní ìkànnì tirẹ̀ lè ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún èdè kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi àmì tí a ń pè ní hreflang sọ fún ẹ̀rọ náà pé èyí wà fún ẹni tí ń ka Faransé ní Benin, èyí fún ẹni tí ń ka Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà. Láti ọdún 2013 ni Google ti ń túmọ̀ èdè Yorùbá, ó sì fi Fon kún un ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ohun tí ẹ̀rọ túmọ̀ sórí pátákó rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tí ó gbọ́ èdè náà ti kà á. Àṣìṣe ohùn kan lè sọ ọkọ̀ di ọkọ.

Níbi orúkọ ṣọ́ọ̀bù nìkan ni kí a má ti fi ohunkóhun kún un. Orúkọ tí ó wà lára pátákó náà ni kí ó wà lórí àwòrán ilẹ̀. Àwọn kan máa ń fi “aránṣọ tó dára jù ní Cotonou àti Lagos” kún orúkọ wọn. Ó lòdì sí òfin Google, wọ́n sì lè mú ojú ewé náà kúrò.

Ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà

Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí lórí fóònù. Kí a bẹ oníbàárà tí inú rẹ̀ dùn pé kí ó kọ ohun tí ó rí, ní èdè tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá ráhùn, kí a dá a lóhùn pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, nítorí pé ọgọ́rùn-ún ènìyàn mìíràn yóò ka ìdáhùn náà. Kí a má ra ìràwọ̀. Ẹni tí ó gun ọkọ̀ láti Èkó wá nítorí irọ́ kò ní dákẹ́ bí ó bá padà délé.

Àwọn nǹkan kéékèèké tún wà tí ibodè mú wá. Aago kan náà ni Benin àti Nàìjíríà ń lò, ṣùgbọ́n Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa, kí ẹni tí ó ní oníbàárà ní Lomé fi èyí sọ́kàn. Ọjọ́ ọdún Vodun ní oṣù kìíní, àti ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ, ọjọ́ òmìnira wa, kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi ní Èkó. Ojú ewé náà ní àyè tí a ti lè kọ ọ́ pé a ti ìlẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó ti rin ìrìn àjò wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò yẹ kí ó wá bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Bí a bá sì kọ iye owó, kí a sọ bóyá CFA ni tàbí náírà, kí a fi oṣù àti ọdún sí i, nítorí pé náírà kì í dúró sójú kan.

Ọmọ aránṣọ wa jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan pẹ̀lú méjì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Wọ́n ṣàtúnṣe nọ́ńbà, wọ́n fi Plus Code sí i, wọ́n ya fọ́tò ẹnu ọ̀nà kí ẹni tí ń bọ̀ lè dá a mọ̀ láti ojú von, wọ́n sì kọ iṣẹ́ ìyá náà ní èdè mẹ́ta. Ìyá fúnra rẹ̀ ni ó pe gbólóhùn Yorùbá fún wọn, ó sì bá wọn wí lórí àmì ohùn. Wọn kò san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, a wà ní ṣọ́ọ̀bù náà nígbà tí fóònù dún. +234 ni. Ìyá kan láti Agége ni, ó ń fẹ́ aṣọ ẹbí fún ènìyàn 12. Ó ti rí ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà lórí fóònù rẹ̀, ó ti rí ojú ọ̀nà, ó ti ka iye owó. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù tí ó fẹ́ mọ̀. Ó ní: “Àǹtí, bí mo bá dé ọjà Gbégamey, ta ni kí n bi?”

Aránṣọ wa rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ó bi ìyá alákàrà tí ó wà lábẹ́ igi.